Iye Ńlá Kan Tí A Kò Lè Pín

Bí a bá kọ 2 nígbà 31, tí a fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, tí a sì yọ 1 kúrò, a ó ní 2,147,483,647. Kò sí iye tí ó lè pín in láìṣẹ́kù bí kò ṣe 1 àti òun tìkára rẹ̀. Báwo ni a ṣe mọ̀? Àìrí èyí tí ó pín in kò tó ẹ̀rí. A ní láti dán àwọn iye wò títí dé 46,340. Ṣùgbọ́n ní 1772, Leonhard Euler fi hàn pé èyíkéyìí tí ó bá lè pín in, bí a bá fi 248 pín òun náà, 1 tàbí 63 ni yóò ṣẹ́kù. Díẹ̀ ni ó kù láti dán wò. Kò sì sí ọ̀kan tí ó pín in. Kí àwa olùkọ́ ọ̀la kọ́ ọmọ láti rò kí ó tó pín.