Awò Tí Ń Gbé Ọmọ Lọ sí Paris Láti Ìkòsì

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín àwọn ọmọ yunifásítì báyìí, ó sì ti dé etí àwọn ìyá ọlọ́jà ní Mile 12. Wọ́n ní awò kan wà tí ènìyàn lè dé sójú nínú yàrá rẹ̀, tí yóò sì bá ara rẹ̀ nílùú Paris, níbi tí wọn yóò ti máa fi èdè Faransé bá a sọ̀rọ̀. Virtual reality ni àwọn òyìnbó ń pe iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ọmọ tó bá ní irú awò bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ gbọ́ èdè náà bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ìyá kan tí ń ta rodo àti tàtàṣé ló bi mí léèrè rẹ̀, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ ń kọ́ Faransé ní yunifásítì, ó wà ní ọdún kejì, kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sinmi lórí ọ̀rọ̀ awò yìí.

"Tíṣà," ni ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Owó ọjà ni màá yọ o. Bó bá jẹ́ ohun tí yóò la ọmọ mi lẹ́nu, màá rà á. Bó bá sì jẹ́ ohun ìṣeré, ẹ má fi pa mọ́ fún mi."

Ìbéèrè oníṣòwò nìyí, ìṣirò ló sì yẹ kí a fi dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí kò wọ́n jù ni Quest 3S, èyí tí ilé-iṣẹ́ Meta tó ni Facebook gbé jáde ní 2024. Dọ́là 299 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní Amẹ́ríkà. Bí a bá ka dọ́là kan sí náírà 1,500, owó náà di náírà 448,500, kí a tó san owó ọkọ̀, kí a tó san ti kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹni tí yóò tà á fún wa tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ra ata lápò ní Mile 12 mọ ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè ṣe lọ́jà.

Kí ni awò yìí gan-an? Ó dà bí akoto ọlọ́kadà tí wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ó sì bo ojú méjèèjì. Nínú rẹ̀, ojú ọ̀tún ní àwòrán tirẹ̀, ojú òsì ní tirẹ̀, àwòrán méjèèjì sì yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn, nítorí kì í ṣe ibì kan náà ni ojú wa méjèèjì ti ń wo nǹkan. Ọpọlọ á wá pa wọ́n pọ̀, á gbà pé ohun tí òun ń rí jìnnà tàbí pé ó súnmọ́ tòsí. Bí ẹni tó dé e bá yí orí, ẹ̀rọ á mọ̀, á sì yí àwòrán náà tẹ̀lé e kíákíá. Kì í ṣe ohun àná. Ní 1968 ni Ivan Sutherland ti ṣe irú rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, èyí tó wúwo débi pé òkè àjà ni wọ́n so ó rọ̀ sí.

Lílò ó fún èdè ni kò tíì pẹ́. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ Mondly ti ilẹ̀ Romania gbé tiwọn jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ á bá ara rẹ̀ nínú takisí, nínú ọkọ̀ ojú irin tàbí nílé oúnjẹ. Ẹni inú àwòrán á bi í ní ọ̀rọ̀, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, ẹ̀rọ á sì gbọ́ bóyá ó tọ̀nà. Nílùú Èkó wa níhìn-ín pàápàá, Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ ní 2016 kí àwọn ọ̀dọ́ wa lè máa ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Ẹ sì wo orúkọ náà: ìmísí, Yorùbá gidi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkòsì ní irú awò yìí. Mo mú ìyá àti ọmọ lọ bá a ní ọjọ́ Sátidé kan. Ọmọ ló kọ́kọ́ dé e, ó sì bá ara rẹ̀ nílé oúnjẹ. Ohùn rẹ̀ kò jáde níbẹ̀rẹ̀. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àwọn pọ̀ nínú kíláàsì, pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí olùkọ́ tó pe òun kí òun sọ̀rọ̀, bí òun bá sì ṣì í sọ, ẹ̀rín ni àwọn yòókù á fi bò ó. Agbáwo inú àwòrán kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọmọ náà gbóhùn sókè, ó ní kí wọ́n fún òun ní búrẹ́dì. "Du pain" ni Faransé ń wí, ṣùgbọ́n "u" tiwọn kì í ṣe "u" tiwa. Ẹ̀rọ kò gbọ́. Mo ní kí ó ká ètè bí ẹni tó fẹ́ pe "u", kí ó sì pe "i" láti inú rẹ̀. Ní ìgbà karùn-ún, agbáwo gbọ́. Ariwo ayọ̀ tí ọmọ náà pa, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò ní láti kọ́ ọ ni "vous", tí Faransé fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà àti àlejò. Ọmọ Yorùbá tó ti ń sọ "ẹ" láti kékeré ti mọ ibi tí yóò fi í sí.

Ìyá náà ní kí àwọn gbé e fún òun náà wò. Ó ní, "Yéè! Ilé oúnjẹ rèé lóòótọ́!" Ó rí búrẹ́dì lórí tábìlì, ó béèrè iye rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gba ìdajì. Agbáwo rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ bi í. Ìyá tún ná an. Agbáwo tún rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bọ́ awò náà kúrò, nítorí òòyì ti ń kọ́ ọ. Ojú á ní ènìyàn ń rìn, inú etí á ní ó jókòó, ara kò sì mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Ó wá ní, "Tíṣà, ọkùnrin yẹn kò mọ ọjà tà. Kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé lọ sílé. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń ru ẹrù ní Mile 12. Ọmọ Hausa dé láti Òkè Ọya láìgbọ́ "ẹ káàárọ̀", láàárín oṣù díẹ̀ ó ti ń fi Yorùbá ná owó alábàárù. Àwọn ìyá wa náà sì ń fi Hausa ka iye apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Kò sí ìwé, kò sí olùkọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ iye pàdánù owó, ìyẹn ló ń la ẹnu wọn. Nínú awò, kò sí ohun tí ẹnìkan lè pàdánù. Ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi í ti akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí kò fi lè mú un dé ibi tó ń lọ.

Àwọn yunifásítì wa ti mọ èyí tipẹ́. Látijọ́, ilẹ̀ Faransé tàbí Lomé ní Togo ni wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ Faransé lọ kí wọ́n lè gbé láàárín àwọn tó ń sọ ọ́. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó náà kò ṣeé san mọ́. Ìjọba wá dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Láti gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n ti ń wá gbé ibẹ̀, kí wọ́n máa fi Faransé jí, kí wọ́n máa fi jẹun, bodè Sẹ̀mẹ̀ sì wà nítòsí. Ilẹ̀ Faransé àfọwọ́ṣe ni, bí ẹ bá rò ó dáadáa, awò tí kò ní bátìrì. Amẹ́ríkà tó ni awò yìí gan-an ti rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá sí Yunifásítì Ìbàdàn rí láti wá kọ́ Yorùbá.

Mo wá sọ fún ìyá náà pé kí ó má yọ owó ọjà. Ọ̀rẹ́ mi gbà kí ọmọ náà máa wá lo awò ní wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé, títí ìtìjú yóò fi kúrò lára rẹ̀. Èyí tó kù, kí wọ́n fi wọ ọkọ̀ nígbà ìsinmi. Àdúgbò wa ní Kòsọ́fẹ́ ń jẹ́ Kétu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ pé Kétu àtijọ́, ìlú Alákétu, wà ní ilẹ̀ Benin. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ Faransé ni ó bọ́ sí. Títí di òní, Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé níbẹ̀, Faransé ni wọ́n fi ń kàwé. Ibo ló tún dára jù bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ẹ̀rù ń bà? Bí Faransé bá há a lẹ́nu, yóò rí ẹni tó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ní Kétu kì í ṣe Paris. Mo ní òótọ́ ni, pé Paris kò sì ní fi Yorùbá kí i káàbọ̀. Ìyá ní òun ni yóò sin ín lọ, kò gbọdọ̀ dá lọ.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, èmi kò ní kí ẹ ju awò nù. Bí ẹ̀ka èdè kan bá ra mẹ́wàá sínú yàrá kan, tí gbogbo ọmọ ń lò ó ní ìyípoyípo, ìnáwó náà kò ní jẹ́ ẹrù òbí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi fẹ́ rí jù ni ọjà Mile 12 nínú awò, fún àwọn tó ń kọ́ Yorùbá lókèèrè. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ èdè bí kò ṣe pé wọ́n fi ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ ọ, ẹ̀rọ tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò fún àlejò ní ọkọ́ nígbà tó ń wá èyí tí yóò wọ̀ lọ sí Ìkòròdú. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú àwòrán yìí bá ka ìwé yìí, ìsọ̀ ìyá aláta ni kí ó ti lọ gba ohùn. Kí ó tètè lọ láàárọ̀ o, nítorí tí èrò bá ti wọ ọjà, kò sí ẹni tí yóò ráyè dá a lóhùn.