Mọ́tò àtijọ́ ń pa owó gidi, àmọ́ ẹni tó bá tún un ṣe jù yóò pàdánù

Àwọn àgbà ló sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi mọ́tò àtijọ́ ṣòwò nílùú ọba. Lójú tiwọn, mọ́tò tuntun kì í ṣe nǹkan bàbàrà, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ lè rà á lónìí. Èyí tó ṣòro láti rí ni mọ́tò tó ti lo ọgọ́ta ọdún láyé, tí ọ̀dà tí wọ́n kùn ún níléeṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, tí awọ ìjókòó rẹ̀ ò tíì yí padà, tó sì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló ṣì ń gbé e rìn. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ làwọn olówó ń wá kiri.

Ibi tí wàhálà wà ni pé mọ́tò tó ti dàgbà ò lè wà bẹ́ẹ̀ láìsí ìtọ́jú. Rọ́bà rẹ̀ á gbẹ, òróró á máa jò, bíréèkì á máa há. Bí ẹni tó ni ín bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò bàjẹ́ pátápátá. Bó bá sì gbé e fún oníṣẹ́ ọwọ́ tí ò mọ ibi tó yẹ kóun dúró, mọ́tò náà á jáde, á máa dán bíi pé àná ni wọ́n ṣe é, àmọ́ ohun tó ń mówó wá lára rẹ̀ á ti lọ. Ohun tí wọ́n máa ń sọ láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ni pé mọ́tò kì í jẹ́ ojúlówó lẹ́ẹ̀mejì.

JAGUAR E-TYPE NI ÀPẸẸRẸ

Ọdún 1922 ni William Lyons àti William Walmsley bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ kékeré kan nílùú Blackpool, tí wọ́n ń ṣe ìjókòó tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù. Iléeṣẹ́ kékeré yẹn ló dàgbà tó di Jaguar. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọdún 1961, wọ́n gbé mọ́tò asáré kan jáde níbi ìpàtẹ mọ́tò tó wáyé nílùú Geneva, lórílẹ̀-èdè Switzerland. E-Type ni wọ́n pè é. Èèyàn méjì péré ló ń gbà, imú rẹ̀ gùn gbọọrọ, ara rẹ̀ sì ń dán bí ẹja inú omi. Malcolm Sayer, tó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ló ya bó ṣe máa rí. Iléeṣẹ́ náà sọ pé ó lè sá tó 150 máìlì ní wákàtí kan, owó tí wọ́n sì ń tà á nígbà náà lé díẹ̀ ní 2,000 pọ́n-ùn.

Kí wọ́n tó dáwọ́ E-Type dúró lọ́dún 1974, èyí tí wọ́n ti ṣe lé ní 70,000. Lọ́dún 1996, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan tó wà fún iṣẹ́ ọnà nílùú New York, Museum of Modern Art, gba ọ̀kan wọlé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà.

Ẹ wò ó dáadáa. Mọ́tò tí wọ́n ṣe tó 70,000 kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni èyí tọ́wọ́ èèyàn ò tíì bà jẹ́ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ló ti ní jàǹbá, òmíràn ti jẹrà nísàlẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àwọn kan, wọ́n sì ti kun àwọn mìíràn lọ́dà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin.

Iléeṣẹ́ Jaguar fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra E-Type àtijọ́ lọ́dún 2017, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á sì tún un tò látòkè délẹ̀. 285,000 pọ́n-ùn ni iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Iṣẹ́ gidi niṣẹ́ yẹn, ó sì ní àwọn oníbàárà tirẹ̀. Àmọ́ mọ́tò tó ti bàjẹ́ kọjá ìtọ́jú ló wà fún. Èyí tó kàn dàgbà, tára rẹ̀ ṣì le, kò nílò kí wọ́n tú u palẹ̀.

ERUKU TÓ DI OWÓ

Ẹni tí ò bá gbà pé ògbólógbòó lè borí tuntun, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Paris ní oṣù kejì, ọdún 2015. Ọkùnrin oníṣòwò kan wà nílẹ̀ Faransé, Roger Baillon lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló ń ṣe. Ó ń ra mọ́tò àtijọ́ jọ nítorí pé ó fẹ́ dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, àmọ́ òwò rẹ̀ dojú dé kí èròǹgbà náà tó ṣẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn mọ́tò náà fi wà nínú oko, eruku bò wọ́n, òmíràn sì ti dípẹtà. Nígbà tí iléeṣẹ́ Artcurial gbé wọn lọ sí ọjà gbàǹjo, wọn ò fọ̀ wọ́n, wọn ò sì kùn wọ́n. Bí wọ́n ṣe bá wọn ni wọ́n ṣe pàtẹ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Ferrari 250 GT California Spider, nìkan tà ní mílíọ̀nù 16 owó yúrò àti ẹ̀wọ̀n.

Èyí tó tún yà ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni ti Pebble Beach, ní ìpínlẹ̀ California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ìdíje ẹwà mọ́tò àtijọ́ tó lókìkí jù lágbàáyé ti ń wáyé lọ́dọọdún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mọ́tò tí wọ́n ti tún ṣe tí wọ́n ń dán gbinrin ló máa ń gba ipò kìíní. Lọ́dún 2024, Bugatti kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1934, tó ti wà lọ́wọ́ ọba ilẹ̀ Belgium rí, ló gba ipò náà. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣá, ó sì ti fọ́ káàkiri. Òun sì ni àkọ́kọ́ tó máa gba ipò náà nínú àwọn mọ́tò tí wọ́n kàn tọ́jú láìsọ wọ́n di tuntun.

OHUN TÓ YẸ KÍ WỌ́N TÚN ṢE

Kò yẹ káwọn èèyàn ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ojúlówó kò túmọ̀ sí pé kéèyàn máa wa mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ ò mú. Ohun tó bá lè pa èèyàn, dandan ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Kí oníṣẹ́ tó mú sípánà rárá, wíwò ló kọ́kọ́ máa ń ṣe. Á ya fọ́tò mọ́tò náà nínú àti lóde, títí dé abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń gbé lé ara mọ́tò láti fi wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Bí ibì kan bá nípọn ju ibòmíràn lọ gidigidi, á jẹ́ pé wọ́n ti kùn ún lẹ́ẹ̀kejì tàbí pé bọ́dìfílà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á yẹ ìsàlẹ̀ mọ́tò wò. Ihò wà nínú irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn E-Type, bí omi bá dúró síbẹ̀, inú ni irin náà ti máa ń jẹ bọ̀ síta.

Bíréèkì ló tẹ̀ lé e. Òróró bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí omi bá sì ti wọ̀ ọ́, ó lè hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná, kò sì ní mú mọ́. Bí mọ́tò tilẹ̀ dúró sójú kan, òróró yẹn gbọ́dọ̀ yí padà, kí wọ́n sì pààrọ̀ àwọn họ́ọ̀sì rọ́bà pẹ̀lú. Bíréèkì ẹ̀yìn E-Type tún yàtọ̀: àárín abẹ́ mọ́tò ló wà, lẹ́bàá gíà ẹ̀yìn, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí òróró bá ń jò níbẹ̀, orí bíréèkì ló máa ń dà sí. Iṣẹ́ ọ̀hún le, ó ń gba àkókò, oníṣẹ́ tí ò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó dá iye owó máa jẹ gbèsè.

Táyà náà ńkọ́? Èèyàn lè rí táyà tí ojú rẹ̀ ṣì le dáadáa, kó sì jẹ́ pé rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Láti ọdún 2000, nọ́ńbà mẹ́rin ló ń fi ìgbà tí wọ́n ṣe táyà hàn. Bí wọ́n bá kọ 2319 sí i, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ò bá ní nọ́ńbà mẹ́rin ti ju ogún ọdún lọ nìyẹn.

Họ́ọ̀sì epo bẹntiróòlù náà ń fẹ́ àmójútó. Láti oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021, epo E10, tí ọtí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n ń tà jù nílé epo nílẹ̀ Bìrìtéènì. Ọtí yìí máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́, bí họ́ọ̀sì bá sì jò sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ló ń dá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi họ́ọ̀sì tó lè gbà á rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì ń gba ẹni tó ni mọ́tò nímọ̀ràn pé kó máa ra E5.

OHUN TÍ Ò YẸ KÍ WỌ́N FỌWỌ́ KÀN

Ọ̀dà ló ṣáájú. Pọ́líìṣì lè jẹ́ kí ọ̀dà àtijọ́ tún máa dán, àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi èyí tó le ha á, díẹ̀ ń kúrò lára rẹ̀. Ibi tó bá ti fẹ́lẹ́, ṣe ni kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí òkúta bá ti ta á níbì kan, ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n á tọ́, wọn ò ní tìtorí ẹ̀ kun gbogbo ilẹ̀kùn.

Awọ ìjókòó tó ti hun jọ, wọ́n á fọ̀ ọ́ jẹ́ẹ́, wọ́n á fi òróró awọ pa á, bó bá ya, wọ́n á rán an láti ẹ̀yìn. Gíláàsì tó ní àmì iléeṣẹ́ tó ṣe é, bóòtù tó ní àmì lórí, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, àpò irinṣẹ́ tó bá mọ́tò wá: gbogbo ìwọ̀nyí lẹni tó fẹ́ rà á máa wò.

Bí ẹni tó ni mọ́tò bá fẹ́ fi nǹkan ìgbàlódé sí i, kó jẹ́ ohun tó ṣeé yọ. Irinṣẹ́ tó ń fi iná sí púlọ́ọ̀gì láìlo pọ́ìntì, fún àpẹẹrẹ, ó ń wọ ibi tí ti àtijọ́ wà láìgé wáyà láìlu ihò. Ti àtijọ́ á lọ sínú páálí, wọ́n á kọ ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ sí i lára. Ẹni tó bá sì lu ihò sára irin, kò lè dá a padà mọ́.

ÌWÉ NI Ẹ̀RÍ

Jaguar Daimler Heritage Trust, àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ Jaguar, máa ń fún ẹni tó ni mọ́tò ní ìwé tó ń sọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, àwọ̀ tí wọ́n kun mọ́tò náà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bí nọ́ńbà inú ìwé bá bá ti ara ẹ́ńjìnnì mu, owó mọ́tò náà á yàtọ̀. Rìsíìtì àtijọ́ náà níye lórí, títí kan èyí tó ti pọ́n.

Òfin pàápàá dá sí i. Láti oṣù karùn-ún, ọdún 2018, ìjọba ilẹ̀ Bìrìtéènì ò fipá mú mọ́tò tó bá ti lé ní 40 ọdún lọ síbi àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT mọ́, bí wọn ò bá ti yí ẹ̀yà pàtàkì rẹ̀ padà láàárín 30 ọdún. Síbẹ̀, ẹni tó ń wà á ló gbọ́dọ̀ rí i pé ó dára lójú títì.

IBI TÍ ÈRÈ WÀ FÚN ONÍṢẸ́ ỌWỌ́

Ìwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò àtijọ́ ilẹ̀ Bìrìtéènì ṣe lọ́dún 2020 fi hàn pé bílíọ̀nù 7.2 pọ́n-ùn ni iṣẹ́ yìí ń mú wá lọ́dún. Nílùú Bicester, níbi táwọn ọmọ ogun òfuurufú ń lò tẹ́lẹ̀, ó ju 40 iléeṣẹ́ lọ tó ti ṣọ́ọ̀bù jọ sójú kan láti ọdún 2013. Èyí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, èyí ń rán awọ, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ níbẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá wúlò fún oníṣẹ́ ọwọ́ níbi gbogbo. Wákàtí ni wọ́n fi ń gba owó, nítorí pé ẹni tó bá ń gba owó lórí ohun tó pààrọ̀ nìkan á máa wá ohun tó máa pààrọ̀ ṣáá. Wọ́n máa ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe sílẹ̀, oníbàárà á fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá débi tí wọn ò retí, wọ́n á dúró, wọ́n á pè é. Ohun gbogbo tí wọ́n bá yọ, ti oníbàárà ni, wọn ò gbọ́dọ̀ jù ú nù.

Aájò tó pọ̀ jù ló ń kó ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sí wàhálà. Wọ́n á kun ohun tí wọn ò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kùn, wọ́n á rò pé àwọn ṣoore. Oníbàárà á dé, á bá mọ́tò bàbá rẹ̀ tó ti di tuntun, kò sì sẹ́ni tó lè bá a dá ọ̀dà àtijọ́ padà. Aṣọ lè pọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé, àkísà yẹn ni ò ṣeé rà.