Nígbà tí Ọkàn àti Ẹ̀dọ̀ Bá Jọ Ń Ṣàìsàn

Ẹ̀yin abiyamọ, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá dí ọ̀nà Ìkòròdú ní Máìlì 12, kí ni awakọ̀ tí ó mọ àdúgbò ń ṣe? Ẹ̀bùrú ni ó ń gbà. A yà wọ inú Ìkòsì, a sì jáde níwájú ibi tí ọ̀nà gbé dí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oníṣègùn ń ṣe bí ọ̀rá bá dí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn: wọn a yọ iṣan láti ẹsẹ̀ aláìsàn, wọn a sì fi la ẹ̀bùrú fún ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ̀dọ̀ ẹni náà bá ti bàjẹ́ pẹ̀lú ńkọ́? Ibí ni ọ̀ràn ti díjú. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ọkàn lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìdá. Bí wọ́n bá sì kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀, ọkàn tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó lè dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ya wọ ẹ̀dọ̀ tuntun. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ mìíràn ṣe ń ṣe méjèèjì pọ̀ lórí ibùsùn kan náà, ọkàn ṣáájú, ẹ̀dọ̀ tẹ̀ lé e. Kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rárá.

Stormie Jones, ọmọbìnrin kan láti Texas ní Amẹ́ríkà, jogún àbùkù tí kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè kó ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n la ẹ̀bùrú fún ọkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ni ó já sí, nítorí ẹ̀dọ̀ tí ó fa àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlè ọdún 1984, Dókítà Thomas Starzl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh fún un ní ọkàn àti ẹ̀dọ̀ mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ọdún 6 ni. Ó tún lo ohun tí ó lé ní ọdún 6 láyé kí ó tó kú ní 1990. Abiyamọ nìkan ni ó lè díye lé irú ọdún bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, Enugu ni a ti kọ́kọ́ ṣí ọkàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà, ní 1974. Ní ti ẹ̀dọ̀, ọ̀kan nínú ohun tí ó ń bà á jẹ́ jù láàrin wa ni kòkòrò hepatitis B. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Abẹ tí a fi sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni púpọ̀ lè tàn án kálẹ̀. Nínú ọmọ-ọwọ́ 10 tí ó bá kó o, bí 9 ni kì í bọ́ lára wọn mọ́. (Ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó bá ti bu náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ dà á nù ni, iná kì í pa oró inú rẹ̀ tán.)

Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà lára èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ wa. Ti àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ: láàrin wákàtí 24 tí a bí ọmọ ni, ì báà jẹ́ ilé agbẹ̀bí ni ẹ bímọ sí. Àwọn tí ó kù wà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹni tí ó lóyún lọ́wọ́, kí ó béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà nígbà tí ó bá lọ gba ìtọ́jú aláboyún. Bí wọ́n bá sì rí kòkòrò náà lára rẹ̀, ó ṣì lè fún ọmọ lọ́yàn, bí wọ́n bá ti fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ lásìkò.