Òkè àti Kòkó: Ọjọ́ Ìbí Ọmọ Ọdún Méjì ní Ìdànrè

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì kò mọ ẹni tí wọ́n yà sára bàlúùnù tí ẹ lọ rà ní Àkúrẹ́. Ohun tó mọ̀ ni ohun tí ojú rẹ̀ ń bá pàdé lójoojúmọ́: ewúrẹ́ tó ń jẹ kiri lójúde, ìyá àgbà, kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀, àti òkè. Ní Ìdànrè, ẹni tó bá jí tó ṣílẹ̀kùn, òkúta ńlá ló máa kọ́kọ́ rí. Ìdí nìyí tí a fi ní kí òbí tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àríyá ọjọ́ ìbí nílé lọ́dún yìí mú òkè àti kòkó, kó fi àwòrán bèbí òyìnbó sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Àríyá ọjọ́ ìbí ọdọọdún kì í ṣe àṣà àtijọ́ wa. Ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ ni tiwa. Àwọn ará Jámánì ti ń tan àbẹ́là sórí kéèkì ọmọdé láti nǹkan bí igba ọdún ó lé sẹ́yìn. Ohùn orin tí gbogbo ayé fi ń kí ọlọ́jọ́ìbí náà, orin kíkí àárọ̀ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni tẹ́lẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Mildred àti Patty Hill, ará Kentucky ní Amẹ́ríkà, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1893. Kò sóhun tó ní ká má kọ ọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà ki ọmọ ní oríkì rẹ̀ ná. Ohùn yẹn ni ọmọ náà ti mọ̀.

Oṣù tí ọjọ́ ìbí bá bọ́ sí ló máa sọ bí àríyá ṣe máa rí. Láti Ọ̀pẹ wọ Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo ohun gbogbo, kò sì dára kí ọmọ wẹ́wẹ́ wà níta kí oòrùn tó mú. Àmọ́ ọsàn pọ̀, agbálùmọ̀ sì ti ń dé. Kí àgbà yọ kóró rẹ̀ kúrò. Ní Ẹrẹ́nà àti Igbe, máńgòrò ń pọ́n, òjò àkọ́rọ̀ sì máa ń bá ìjì rìn, nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé kánópì, pálọ̀ tó. Àsìkò àgbàdo tútù ni Òkúdu àti Agẹmọ, òjò kò sì ní ṣàì rọ̀. Inú Ògún ni òjò máa ń sinmi díẹ̀, ìgbà yẹn ni mo fẹ́ràn jù fún àríyá ojúde. Láti Ọ̀wàrà lọ dé Ọ̀pẹ, kòkó ń jáde lọ́pọ̀, owó ń wọlé, Ìdànrè sì wà lára ibi tí kòkó ti ń pọ̀ jù ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ẹ fẹ́ pè wà lóko. Oṣù yòówù kó jẹ́, ẹ sá fún Sátidé. Ọjọ́ òkú àti ìgbéyàwó ni, ta ló máa fi aṣọ ẹbí sílẹ̀ nítorí ọmọ ọdún méjì? Ọ̀sán Sọ́ńdè dára.

Òkè náà kò ní ná yín lówó. Ẹ to páálí Indomie mẹ́ta léra, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè, kí ẹ rún ìwé ìròyìn, kí ẹ sì fi dí gbogbo igun rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná po ògì kó ki, òun ni gúlúù. Ẹ ya ìwé ìròyìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ lé e lórí ní ìpele mẹ́ta, kí ẹ sì sá a ní ọjọ́ méjì bí oòrùn bá wà. Eérú tí ẹ pò mọ́ ògì tó ṣẹ́kù ni kí ẹ fi kùn ún, àwọ̀ rẹ̀ á jọ ti òkúta. Kí ẹ tó parí, ẹ jáde lọ wo òkè gidi. Ara rẹ̀ kò dúdú tán. Ibi tí omi òjò ń gbà ṣàn wálẹ̀ ló ní ilà dúdú gbọọrọ láti orí dé ìdí. Ẹ fi èédú fa ilà wọ̀nyẹn. Bí kò bá sí ilà, òkìtì ọ̀gán lẹ ṣe.

Àtẹ̀gùn tó lọ sí ìlú àtijọ́ lórí òkè lé ní 600. Tiyín kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ, páálí tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ gbé ààfin kékeré ti Ọwá, ọba Ìdànrè, sókè rẹ̀, nítorí orí òkè ni àwọn baba ńlá ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, UNESCO sì ti kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò fún ogún àgbáyé láti 2007. Àwọn òbí kan á fẹ́ gbé ọmọ gùn ún lọ́jọ́ náà nítorí fọ́tò. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó dàgbà.

Ẹni tí kò ní ófùnù lè fi ìkòkò ńlá àti iyanrìn ṣe kéèkì. Ẹ bu iyanrìn tó mọ́, tó sì gbẹ sínú ìkòkò, kó ga tó ìka mẹ́ta, kí ẹ dé e sórí iná fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ po bọ́tà gíráàmù 200 pẹ̀lú ṣúgà 120 títí á fi funfun, ẹ fọ́ ẹyin mẹ́rin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá da fúláwà 250 sí i pẹ̀lú báákìn páódà ṣíbí kékeré méjì, kòkó ẹlẹ́bu ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, àti wàrà díẹ̀. (Kòkó oko wa náà nìyẹn o, ó lọ sókè òkun, ó wá padà bọ̀ nínú agolo.) Abọ́ tánganran tí ìdí rẹ̀ rí rìbìtì ni kí ẹ fi bọ́tà pa nínú, kí ẹ dà á sí, ẹ rì í mọ́ iyanrìn kó má ṣubú, ẹ dé ìkòkò, ẹ kó ẹyin iná sórí ọmọrí. Iná ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, igi tí ẹ fi gún un á jáde láìsí nǹkan lára. Bí ẹ bá da abọ́ náà délẹ̀, òkè ti dé. Ẹ fi wàrà gbígbóná po kòkó àti ṣúgà díẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa kán láti orí: ilà dúdú náà nìyẹn.

Kòkó pípọ́n, èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú àti èyí tó pọ́n bí ọsàn, dára lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, torí oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí i lóko. Agolo oògùn náà kò gbọdọ̀ wọlé, ì báà jẹ́ láti fi ṣe ìlù. Agolo wàrà ni ọmọ ń lù. Àwọn àgbà á fẹ́ fún ọmọ ní kóró kòkó kó máa lá omi rẹ̀. Kóró náà ń yọ̀, ó sì lè há a lọ́fun. Ẹ fún omi rẹ̀ sínú ife. Bákan náà ni ẹ̀pà, gúgúrú àti súìtì líle, kò sí èyí tó yẹ ọmọ ọdún méjì. Ní ti bàlúùnù, láti 1994 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀ nítorí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8. Èyí tó bá bẹ́, ẹ ṣa gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Fún àwọn ọmọ, mọ́ínmọ́ín tí kò léegun ẹja nínú àti ìrẹsì tí ata rẹ̀ kò ta ti tó. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jọ́ìbí sùn lọ́sàn-án, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ bó bá jí, kí ẹ sì parí kó tó pé wákàtí méjì. Bí ẹ bá pe ọmọ márùn-ún, ẹ dáná fún ogún ènìyàn, torí ìyá, ẹ̀gbọ́n àti aládùúgbò á tẹ̀ lé wọn. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Spíkà ńlá kò wúlò; ẹkún ló máa ń fà. Kéèkì tó bá ṣẹ́kù, ẹ gé e fún ará ilé àti ará àdúgbò lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí wàrà àti kòkó tí ẹ dà lé e kò ní jẹ́ kó pẹ́ lásìkò òjò.