Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kíláàsì Òyìnbó ni òwe yìí ti yé mi.

Lọ́kọ́ja níbí ni wọ́n ti tọ́ mi. Yorùbá ni à ń sọ nílé; Nupe, Haúsá, Ígálà àti Ẹ̀bìrà ló kún ọjà; Òyìnbó sì ni ti ilé-ìwé. Nígbà tí mo wà ní girama, mo há simile, metaphor, personification àti hyperbole sórí, ṣùgbọ́n orí ahọ́n lásán ni wọ́n wà. Mo tún ń ṣa ọ̀rọ̀ ràgàjì-ràgàjì nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Mo kó gbogbo wọn dà sínú àròkọ kan lórí ọjà wa. Olùkọ́ fi gègé pupa kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Ọjà wo nìyí?" Ojú tì mí, nítorí òótọ́ ni, n kò rí ọjà kankan níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi ń rántí omíyalé ọdún 2012. Wọ́n ní, "Odò Ọya bínú, kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé." Mo fò dìde. Personification nìyẹn! Ìfohunpènìyàn ni àwa ń pè é: a sọ odò di ènìyàn.

Ẹ wo ìyókù. Bí a bá ní oòrùn Lọ́kọ́ja gbóná bí ààrò, àfiwé tààrà ni, èyí tí Òyìnbó ń pè ní simile. Bí a bá ní ààrò ni oòrùn Lọ́kọ́ja, a ti yọ "bí" kúrò; àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn, tí í ṣe metaphor. Ìyá tó ní òun ti pe ọmọ nígbà ẹgbẹ̀rún ń ṣe àsọdùn. Hyperbole náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ràgàjì ńkọ́? Máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ Òyìnbó pín sí mẹ́rin: kókó ọ̀rọ̀ 10, ètò 10, ìlò èdè 20, àkọtọ́ àti gírámà 10. Kò sí ti ọ̀rọ̀ ńlá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ibi mu ló ń gba máàkì. Èyí tí kò bá ibi mu ń pàdánù rẹ̀ ni.

Àjàyí Crowther, tó bá ìrìn-àjò odò Ọya ti 1841 dé agbègbè wa yìí, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Nínú èyí tó tún ṣe ní 1852, ó fi òwe ṣe àpẹẹrẹ ìlò ọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé inú gbólóhùn ni ọ̀rọ̀ ti ń níyì.

Nítorí náà, kí a tó há orúkọ ọnà èdè kankan sórí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá a lẹ́nu àwọn ará ilé wa. Kí a tó kọ ọ̀rọ̀ tuntun sínú ìdánwò, ká fi í ṣe gbólóhùn mẹ́ta tí ẹnu wa lè sọ láìkọsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò ní í wọ́n wa lẹ́nu o.