Láti inú Kóòdù dé Ojú-ewé Ìdarí: Kíkọ́ OpenWrt ní Èdè Yorùbá

Bí a bá ṣí ojú-ewé ìdarí ráútà kan ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń bá níbẹ̀. Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló yan èdè yẹn. Ẹni tó kọ́ firmware, ìyẹn ètò tó ń darí ráútà láti inú wá, ló yàn án nígbà tó ń kọ́ ọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé bí a ti ń kọ́ OpenWrt láti inú kóòdù rẹ̀, a ó sì fi ibi tí iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà hàn.

Ní 2003, àwọn ènìyàn rí i pé Linux ló wà nínú WRT54G, ráútà kan tí Linksys ń tà. Ìwé àṣẹ GPL, tó de Linux, sọ pé ẹni tó bá pín ètò náà fún ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí kóòdù rẹ̀ gbà pẹ̀lú. Wọ́n tú kóòdù náà síta. Ní 2004 ni OpenWrt bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀. Lẹ́tà WRT inú orúkọ rẹ̀ ṣì ń rántí ráútà náà.

Kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, àyè ìpamọ́ tó tó 15 GB, àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já ni a nílò. Git ni a fi ń gba kóòdù. Lẹ́yìn náà ni a ó pa àṣẹ ./scripts/feeds update -a àti ./scripts/feeds install -a, kí àwọn àfikún lè wọlé, títí kan LuCI, tí í ṣe ojú-ewé ìdarí náà gan-an. Àṣẹ make menuconfig a wá ṣí àtòjọ tí a ti ń yan irú ráútà tí à ń kọ́ ọ fún. Kí a má fi èyí ṣeré: ráútà méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí inú wọn yàtọ̀, nítorí náà nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí a wò.

Àṣẹ make ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí firmware. Compiler, ìyẹn ètò tó ń túmọ̀ kóòdù sí èdè ẹ̀rọ, ni ó máa ń kọ́kọ́ kọ́. Ìdí ni pé ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà wa kì í sábà gbọ́ èdè kan náà pẹ̀lú ti inú ráútà, tó lè jẹ́ MIPS tàbí ARM. Nítorí èyí, ìgbà àkọ́kọ́ lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tó bá tẹ̀ lé e a máa yá. Bí iṣẹ́ bá dúró lójijì, make -j1 V=s a fi ibi tó ti kọsẹ̀ hàn. Inú bin/targets ni fáìlì tó bá jáde máa ń wà.

Ọ̀rọ̀ tó wà lójú-ewé LuCI wà nínú àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .po. Gẹ̀ẹ́sì ló wà níwájú msgid, ìtumọ̀ níwájú msgstr:

msgid "Save"
msgstr "Fi pamọ́"

Bí èdè kan bá ti wà nínú àtòjọ LuCI, kò sí ìdí láti kọ́ firmware nítorí rẹ̀. A lè gbé e wọ inú ráútà tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí a bá fẹ́ fi èdè tàbí àkọtọ́ tuntun kún un ni kóòdù wúlò. A ó ṣí àyè fún un lábẹ́ feeds/luci/modules/luci-base/po, a ó fi orúkọ rẹ̀ kún luci.mk, a ó pa àṣẹ ./scripts/feeds update -i, kí a tó yàn án nínú menuconfig.

Nígbà tí make bá ń ṣiṣẹ́, ètò kan tó ń jẹ́ po2lmo a sọ .po di .lmo. Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú .lmo mọ́: nọ́ńbà tí a ṣírò láti ara rẹ̀ ló kù, òun ni ìtumọ̀ wa so mọ́. Bí ẹnì kan bá fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo kún Gẹ̀ẹ́sì náà, nọ́ńbà á yí padà, Yorùbá á pòórá, Gẹ̀ẹ́sì á tún yọjú. Ẹni tó bá túmọ̀ LuCI lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ máa padà wá wò ó.

Lórí fáìlì .po kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tó jẹ́ gbólóhùn gírámà ní tòótọ́:

Plural-Forms: nplurals=1; plural=0;

Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí ìrísí padà nítorí iye. Faransé a kọ 2 níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àdàkọ ìlà Faransé yóò máa kọ gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì lásán. Ó sì yẹ kí %d, tó dúró fún iye, kọjá sẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ: "ẹ̀rọ %d".

Àkọtọ́ ló le jù. Ẹ, ọ àti ṣ ni Nàìjíríà ń kọ (àkọtọ́ yẹn náà ni a lò níhìn-ín). Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin ń kọ ɛ, ɔ àti sh, ó sì ń kọ kp níbi tí Nàìjíríà ń kọ p. CLDR, àkójọ dátà èdè ti Unicode, ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ sí yo àti yo_BJ. LuCI náà ní pt àti pt_BR lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nítorí náà, kò yẹ kí a fi ti Nàìjíríà nìkan ránṣẹ́, kí a sì pe ti Kétu ní àṣìkọ. Ó máa ń wu ènìyàn láti fi ètò kékeré kan yí ọ̀kan sí èkejì. Ẹ a di ɛ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n p ńkọ́? Ètò náà yóò sọ DHCP di DHCKP, yóò sì sọ IP di IKP. Ojú ènìyàn ni yóò yọ irú wọn kúrò.

Àmì ohùn ní wàhálà tirẹ̀. Kò sí kóòdù Unicode kan ṣoṣo fún ẹ́, kò sì sí fún ɛ́. A lè kọ ẹ́ ní ọ̀nà mẹ́rin tó jọra lójú ṣùgbọ́n tí báìtì wọn kò dọ́gba, débi pé bí a bá wá ọ̀kan nínú fáìlì, a kò ní rí àwọn yòókù. Kí gbogbo ẹni tó ń túmọ̀ fẹnu kò sí NFC, níbi tí ẹ́ ti jẹ́ báìtì 5, tí ɛ́ sì jẹ́ 4. Bí lẹ́tà bá fara hàn bí àpótí òfìfo, fọ́ǹtì fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí a fi ń wò ó ni kí a yẹ̀ wò, nítorí ráútà kì í gbé fọ́ǹtì.

Níkẹyìn, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ní factory wà fún ráútà tó ṣì ń lo ètò ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Sysupgrade wà fún èyí tó ti ń lo OpenWrt. Ráútà tí kò ní tó 8 MB ìpamọ́ àti 64 MB ìrántí kò yẹ fún un mọ́. Bí iná bá lọ nígbà tí ìkọsílẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, ráútà lè kú. TFTP a máa jí àwọn kan, kì í jí gbogbo wọn. Ráútà àtijọ́ kan ni kí a fi dán an wò, kì í ṣe èyí tí gbogbo ẹ̀ka ń lò.