Oṣù Kan Gbáko Lórí Ogun Waterloo

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1815, ilẹ̀ mọ́ bá pápá kan tó rin gbingbin ní gúúsù ìlú Brussels. Òjò ńlá ti rọ̀ láti ọ̀sán àná mọ́jú. Napoleon, olú-ọba Faransé, kó ọmọ ogun bí 73,000 wá. Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ní bí 68,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Jámánì àti Netherlands. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn tó kú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ ti lé ní 40,000. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Napoleon fi gbé adé sílẹ̀.

Títí di òní, bí oṣù kẹfà bá ti wọlé, àwọn kan wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó máa ń tẹ́ ogun yìí sórí tábìlì. Ẹlòmíràn máa ń fi gbogbo oṣù jà á, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú oríṣiríṣi eré tí òfin wọn kò jọra.

Ẹni tí kò bá rí irú eré yìí rí lè fojú ohun ìṣeré ọmọdé wò ó. Àwòrán ilẹ̀ ojú ogun ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, wọ́n á sì ti pín in sí ojú kéékèèké onígun mẹ́fà. Páálí pélébé kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan. Nọ́ńbà kan lára rẹ̀ ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó, èkejì ń sọ bó ṣe lè rìn jìnnà tó. Igbó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, odò ń dínà. Bí ọ̀tá méjì bá fojú kojú, wọ́n á ṣírò agbára wọn, wọ́n á da dáìsì, òfin eré á sì sọ ẹni tó yẹ kó sá.

Ọwọ́ àwọn ológun gan-an ni eré náà ti wá. Ní ọdún 1812, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Reisswitz gbé e lọ síwájú ọba Prussia. Ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ológun, tún un ṣe ní ọdún 1824, ó sì fi han Ọ̀gágun von Müffling. Ó wú Müffling lórí débi pé ó ní kí gbogbo ọmọ ogun Prussia máa fi kọ́ṣẹ́. Müffling yìí kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wellington ní Waterloo gẹ́gẹ́ bí aṣojú Prussia, nígbà tí gbogbo wọn ń retí pé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ dé. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí àìmọ ibi tí ọmọ ogun wà lè dá sílẹ̀.

Eré kékeré ló dára kí wọ́n fi ṣí oṣù. Napoleon at Waterloo, tí James Dunnigan ṣe ní ọdún 1971, tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: òfin rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì lè parí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ máa ń dùn jù. Napoleon's Last Battles, tí Kevin Zucker ṣe ní ọdún 1976, kó ogun mẹ́rin pọ̀: Ligny, Quatre Bras, Wavre àti Waterloo fúnra rẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé so pọ̀ di ọ̀kan. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1815, Napoleon kọlu àwọn ará Prussia ní Ligny, níbi tí Blücher, arúgbó ẹni ọdún 72, ti ń darí wọn. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Ney, ọ̀gágun Napoleon, ń bá Wellington jà ní Quatre Bras. Àárín ogun méjèèjì ni D'Erlon, ọ̀gágun Faransé mìíràn, wà pẹ̀lú ọmọ ogun bí 20,000. Quatre Bras ló kọ́kọ́ kọrí sí. Kó tó débẹ̀, àṣẹ mìíràn darí rẹ̀ sí Ligny. Bó ṣe yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn Faransé rò pé ọ̀tá ló ń bọ̀, Napoleon sì dá ìkọlù tó fẹ́ fi parí ogun dúró títí wọ́n fi mọ ẹni tó jẹ́. Ìgbà náà ni Ney tún ránṣẹ́ pè é padà. Ó ṣẹ́rí padà; ilẹ̀ ṣú. Odindi 20,000 ọmọ ogun rìn káàkiri, wọn kò sì ja ogun kankan.

Ẹni tó bá ń darí D'Erlon lórí tábìlì kì í fẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ kó ja ní Ligny, ó ṣeé ṣe kí ogun Blücher fọ́ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má sì kù tí yóò gba Wellington sílẹ̀ ní Waterloo. A lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé ọjọ́ 16 ni Napoleon ti sọ ohun tó ń wá ní ọjọ́ 18 nù.

Ọ̀rọ̀ Grouchy, òun náà ọ̀gágun Napoleon, tún ṣòro ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn tí àwọn ará Prussia fìdí rẹmi ní Ligny, Napoleon fún un ní ọmọ ogun bí 33,000 kó fi lépa àwọn ará Prussia. Àwọn Faransé rò pé ìlà oòrùn ni wọ́n sá gbà. Àríwá ni wọ́n lọ, sí Wavre, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà yọ sí Napoleon ní Waterloo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bú Grouchy láti ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ṣe bíi tirẹ̀ lónìí, nígbà tí gbogbo páálí ọ̀tá wà níwájú rẹ̀? Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ohun tó wà nínú ihò méjèèjìlá hàn sí àwọn méjèèjì tó ń ta á. Ogun kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Gamma Two ní Kánádà dá ọgbọ́n kan sí i ní ọdún 1974 nínú eré tí wọ́n pè ní Napoleon: igi kéékèèké ló dúró fún ọmọ ogun, wọ́n ń gbé e dúró lóòró, ẹ̀yìn igi nìkan ni ọ̀tá sì ń rí. Ọ̀nà tí Reisswitz là sílẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ méjèèjì kì í sí lójú kan. Wọ́n ń kọ àṣẹ sínú ìwé, adájọ́ nìkan ló sì mọ ibi tí gbogbo ọmọ ogun wà. Ẹni tó bá ja ogun náà báyìí ní ọ̀sẹ̀ kẹta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú Grouchy.

Àwọn mìíràn wà tí páálí kò tẹ́ lọ́rùn, ère kéékèèké tí wọ́n kùn lọ́dà ni wọ́n fẹ́ràn. Ó pẹ́ tí ère ti wọ ọ̀rọ̀ Waterloo. William Siborne, ológun Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àfarawé ojú ogun náà, ó sì fi han àwọn ará London ní ọdún 1838. Ère orí rẹ̀ lé ní 70,000. Wellington kò fẹ́ bí ó ṣe fi ará Prussia tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sí i, nígbà tó sì yá, Siborne yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kúrò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, wọ́n fi ère tó lé ní 20,000 ja Waterloo ní Yunifásítì Glasgow. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ wà fún Waterloo Uncovered, àjọ tó ń mú àwọn ológun tí ogun òde òní ti ṣe léṣe wá sí pápá náà láti wa ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn awalẹ̀pìtàn. Ó wúni lórí pé eré lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ogun gidi ti kàn lára.

Wavre ló rọrùn jù láti gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó ní ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀ ní òpin oṣù. Grouchy jà níbẹ̀ ní ọjọ́ 18 àti 19, ó sì borí. Òwúrọ̀ ọjọ́ 19 ni ìròyìn Waterloo tó kàn án, ló bá yí padà, ó sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ogun rẹ̀ padà sí Faransé. Bí adájọ́ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe Grouchy mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì kejì, níbi tí wọ́n ti ja Waterloo, títí àkókò ìròyìn náà yóò fi tó. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ fún un pé iṣẹ́ tuntun ti dé: kó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọjá ẹnubodè kí ọ̀nà tó dí mọ́ wọn.